Irin Tó Ti Dógùn-ún

Àgádágodo ló kọ́kọ́ tú àṣírí ìfẹ́ ọ̀hún. Yàrá kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin náà ń gbé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, àmọ́ àgádágodo tó so mọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti pọ̀ débi pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣe ló máa dúró síta bí àlejò, tí á máa dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ra òmíràn, ó fi ti àpótí aṣọ. Ó ra òmíràn, ó fi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí kò rí ohun tó máa tì mọ́, ó fi ọ̀kan ti agolo ṣúgà pa. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé bi í pé kí ló ń tọ́jú tó tó báyìí. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó ń tọ́jú ò sí nínú yàrá rárá. Òdìkejì títì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló wà, lẹ́yìn tábìlì kékeré kan. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń ta àgádágodo, ó ń gé kọ́kọ́rọ́ fún tẹrú-tọmọ, kò sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan wà nítòsí òun tó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu láìsí kọ́kọ́rọ́ kankan.

Eléèédú ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé iṣẹ́ aláró tó ti ń ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ tábìlì Oníkọ́kọ́rọ́ gan-an. Orúkọ náà kì í bí i nínú, torí iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Omi tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ níbẹ̀ lè pupa láàárọ̀ kó sì dúdú lọ́sàn-án, kò sì dáa kí wọ́n dà á sí gọ́tà bẹ́ẹ̀. Eléèédú ló ń gba àwọ̀ lára omi kó tó jáde. Á ṣa èèpo àgbọn àti ṣùkù àgbàdo tí àwọn èèyàn ti jẹ tán tí wọ́n sọ nù, á kó wọn sínú ìkòkò irin tó lómọrí, á dáná sí i nídìí láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, kí wọ́n lè di èédú, kí wọ́n má di eérú. Bí èédú bá pọ́n dẹ̀dẹ̀, á fẹ́ ooru omi sí i nínú. Ooru yẹn á dá ihò sí i lára, ihò wẹẹrẹwẹ tí ojú ò lè rí, ihò nínú ihò. Aró inú omi á wọnú àwọn ihò náà, kò sì ní mọ ọ̀nà àbájáde mọ́.

"Bí ọkàn mi ṣe rí gan-an nìyẹn," ló sọ fún Rédíò lọ́jọ́ kan.

Rédíò lọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ló ń ro aró. Ó ti kọjá ọjọ́ orí ọmọge, àmọ́ ọmọge ò tíì kọjá lára rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Rédíò torí pé kò síbi tí wọ́n ti ń pa á.

"Ọkàn tó kún fún ihò," ni Rédíò dá a lóhùn. "Ọlọ́run má jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i."

Ìṣòro kan ṣoṣo ni èédú náà ní. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, ó máa ń mu aró ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àmọ́ bó bá ti wọ inú omi, kì í fẹ́ jáde mọ́. Pupa á lọ, dúdú á gbà á. Bí wọ́n bá sẹ́ ẹ, á dí aṣọ asẹ́ pa. Bí wọ́n bá ní kí ó rọlẹ̀, á máa fò kiri nínú omi bí ẹni tó wá síbi ìgbádùn. Rédíò ní ọlọ́pàá tó lé olè jáde nílé ni, tó wá jókòó sórí àga tó ní òun ò lọ mọ́.

Eléèédú mọ oògùn rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé. Irin ni. Bí wọ́n bá yọ́ irin sínú ásíìdì, tí wọ́n fi omi irin yẹn rẹ èédú, tí wọ́n sá a kó gbẹ, tí wọ́n tún dá a padà sínú iná nínú ìkòkò tó dé pinpin, irin á kù sínú àwọn ihò yẹn. Àwọn aró kan tí èédú lásán kì í rí mú dáadáa, irin á bá a gbá wọn mú. Èyí tó tún dùn jù níbẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ bá parí, òòfà tí àwọn èèyàn ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kàn máa nà sí i, èédú á sì tẹ̀ lé e jáde nínú omi bí àgùntàn ṣe ń tẹ̀ lé darandaran. Irin tuntun máa ń pẹ́ kó tó yọ́. Èyí tó dáa jù ni èyí tó ti dógùn-ún lára, àmọ́ tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ irin.

Ó ń ronú ibi tó ti máa rí irú irin bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì gba ẹnu ọ̀nà jáde, tó rékọjá títì, tó balẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ti ń parọ́ ra àgádágodo láti ọjọ́ yìí. Nǹkan gidi wá dé wàyí.

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí, dúdú abẹ́ èékánná ò lọ, ó gbà fún Ọlọ́run. Nígbà tó dé òdìkejì, Oníkọ́kọ́rọ́ ń gé kọ́kọ́rọ́ fún oníbàárà kan tó dúró tì í, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń han bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Oníkọ́kọ́rọ́ béèrè bóyá àgádágodo ńlá ni àbí kékeré. Eléèédú ní kì í ṣe àgádágodo lónìí, irin lòun wá gbà. Oníkọ́kọ́rọ́ fi àgbọ̀n tọ́ka sí lẹ́búlẹ́bú tó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, pé kó kó o, ọ̀fẹ́ ni. Eléèédú ní idẹ nìyẹn, idẹ kì í gbọ́ ti òòfà.

"Irin tó ti dógùn-ún ni mo fẹ́, Bọ̀dá."

Bó ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà han gooro. Oníkọ́kọ́rọ́ gbójú sókè. Ó ní kí ni wọ́n wí. Eléèédú tún un wí, ó fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wí i, ó ní èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ìdílé wọn, tí wọn ò lò fún nǹkan kan mọ́. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó gé eyín kan kúrò lẹ́nu kọ́kọ́rọ́ oníbàárà, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílé wa," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọwọ́ màmá mi ló sì wà."

"Ẹ bá mi bẹ Màmá."

"Ṣé kí n sọ pé ẹ̀yin ni?"

"Ẹ sọ pé èmi ni. Ẹ sọ pé Eléèédú ló fẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò ní dá a padà o."

Òótọ́ ló sọ, torí kò sẹ́ni tó lè dá irin padà lẹ́yìn tí ásíìdì bá ti jẹ ẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ rọra ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà lé lórí.

"Mo mọ̀," ló wí. "Wọn kì í dá a padà."

Eléèédú ò mọ bó ṣe sọdá títì padà. Mọ́tò kan tilẹ̀ fọn fèrè sí i, ó juwọ́ sí i bí ẹni pé wọ́n kí i. Rédíò gbọ́ àlàyé tán, ó fi igi aró họ ẹsẹ̀, ó ní ilé wo ni irin tó dógùn-ún ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Eléèédú ní onímọ̀ọ́tótó ni wọ́n.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Oníkọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ rékọjá títì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìnujú funfun kan tí wọ́n wé nǹkan sí nínú, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó tú u. Kọ́kọ́rọ́ irin kan ló wà níbẹ̀, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó ti dógùn-ún láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí amọ̀ pupa. Eléèédú ò rí ìdógùn-ún tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ohun tó o béèrè nìyí," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí.

O. Kò sọ pé ẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ kú iṣẹ́ Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Àǹtí" lọkùnrin yìí ń wí, bí ẹni tó ń bá báńkì sọ̀rọ̀. Báyìí ó ti wó odi yẹn palẹ̀ nídìí gbólóhùn kan ṣoṣo. Eléèédú fẹ́ dúpẹ́, ẹnu rẹ̀ ò mọ èyí tó máa lò nínú ẹ ṣé àti o ṣé, ó wá kàn sọ pé "ṣé".

Oníkọ́kọ́rọ́ ní màmá òun sunkún díẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ó ya Eléèédú lẹ́nu pé èèyàn lè sunkún nítorí irin jíjẹrà, àmọ́ ó wò ó pé aláàánú ni wọ́n, ó sì ní kí Màmá má sunkún mọ́, òun máa lò ó dáadáa.

"Wọ́n ń bọ̀ wá wò ọ́ ní Sátidé," lọkùnrin náà tún wí. "Wọ́n fẹ́ rí ibi tó o tọ́jú ẹ̀ sí."

Díẹ̀ ló kù kí Eléèédú fẹ̀yìn ṣubú sínú agbada aró.

Ẹ wá wo bí ìfẹ́ ṣe ń fi ojú èèyàn rí nǹkan. Ìnujú tí wọ́n fi wé irin ni Eléèédú gbé lọ sílé, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì fi gbogbo àgádágodo ilẹ̀kùn tì í mọ́lé bí wúrà. Kọ́kọ́rọ́ ló jù sínú ásíìdì.

Ó ṣe é bó ṣe yẹ o. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi jíǹgí iṣẹ́ bojú, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń tutọ́ kékeré kékeré, omi rẹ̀ di bí ewé, ó tún pọ́n bí oyin. Nígbà tí kò kù ju èérún lọ, ó da èédú sí i, ó jẹ́ kó mu àmutẹ́rùn. Ó sá a títí ó fi gbẹ. Ó dá a padà sínú ìkòkò, ó dé e, ó dáná. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń kọrin, Rédíò sì ń gbè é, orin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń kọ. Nígbà tí ìkòkò tutù tó ṣí i, èédú náà dúdú bó ṣe dúdú tẹ́lẹ̀, àfi bí ẹni pé kò rí nǹkan kan jẹ. Òòfà nìkan ló lè sọ òótọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ sì ní òòfà kan, tó fi ń ṣa wáyà sípíríǹgì àti àwọn èérún irin tó bá já bọ́ nínú àgádágodo.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ yá a. Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo títì dákẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ etí geere. Oníkọ́kọ́rọ́ gbé òòfà fún un, kò tètè fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ò tètè gbà á, ọwọ́ àwọn méjèèjì wá wà lórí òòfà kan.

"Ìwọ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí. "Bàbá bàbá mi ló rọ kọ́kọ́rọ́ yẹn, òun ló kọ́kọ́ rọ láyé ẹ̀. Kò ṣí ilẹ̀kùn kankan rí, ó rọ ọ́ kò dáa. Ó wá tọ́jú ẹ̀ kó má bàa máa gbéra ga. Ó fún bàbá mi, bàbá mi fi sílẹ̀ fún màmá mi títí màá fi rí aya. Kò sẹ́ni tá a sọ fún lóde. Ìwọ kàn dé lọ́sàn-án gangan, lójú oníbàárà, o ní irin tó ti dogún nílé wa lo fẹ́. Mo ní, obìnrin yìí láyà. Ta ló máa béèrè ogún ilé èèyàn bí kò bá fẹ́ wọlé ọ̀hún?"

Dogún. Eléèédú gbọ́ ọ kedere, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù síni lẹ́yìn ọrùn. Òun wí pé dógùn-ún, ọkùnrin yìí gbọ́ pé dogún. Òun béèrè ìdọ̀tí, wọ́n gbé ìran fún un. Ó gba òòfà, ó sì sá lọ.

Rédíò rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ìṣanṣọ. Ó ní, "Ṣé ẹnu ẹ ò gba dípẹtà ni? Dípẹtà tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò jọ nǹkan kan." Nígbà tó rí i pé omijé ti ń yọ lójú ọ̀rẹ́ òun, ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó sì gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ pọ̀ nígboro. Kí wọ́n wá ọ̀kan tó gùn, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú, á dógùn-ún wẹ́rẹ́. Kí wọ́n wé e sínú ìnujú yẹn kan náà. Ìyá arúgbó wo ló máa mọ eyín kọ́kọ́rọ́?

Ó wu Eléèédú. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ pé kò wù ú. Bó bá ṣe é, Màmá á bọ̀ lọ́la, á rí irin, á rẹ́rìn-ín, á gbà á sílé. Bí kò bá ṣe é, ó lè jẹ́ pé ojú títì yẹn lásán ló máa kù láàárín òun àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, títí ayé. Ó ń rò ó síwá sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ò sinmi, ó sì na òòfà sí àwo èédú láìmọ̀.

Èédú náà dìde dúró. Gbogbo rẹ̀ gbé ẹ̀gún ró bí òòrẹ̀ tínú ń bí, ó fò mọ́ òòfà, ó hù sí i lára bí irun. Eléèédú fà á sápá ọ̀tún, ó tẹ̀ lé e. Ó fà á sápá òsì, ó tẹ̀ lé e. Rédíò ṣí ẹnu, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ohùn ò jáde. Ẹ̀rín bú lẹ́nu Eléèédú, omijé ò sì tíì gbẹ. Ó ní òun ò ní lè ṣe ti omi iyọ̀ yẹn. Kọ́kọ́rọ́ gidi ló wà níwájú òun yìí, ó ń mí. Ojú wo lòun máa fi gbé ayédèrú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?

Màmá dé ní Sátidé. Obìnrin tínrín ni, ó wọ bàtà tó ń ró kò kò, ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Eléèédú ti kúnlẹ̀ kí bàtà náà tó dákẹ́. Ọ̀gá wọn, tó ti gbà kí wọ́n ṣe àlejò nínú ilé iṣẹ́, ń fọwọ́ kan aṣọ tó ti gbẹ láti àárọ̀, ó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ. Rédíò ń ro agbada tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

"Dìde, ìyàwó mi," ni Màmá wí. "Gbé e wá kí n rí i."

Ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ tí Eléèédú ì bá fi gbogbo àgádágodo ilé rẹ̀ rà. Kò dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí mọ́."

"Wọ́n jí i?"

"Rárá, Mà. Èmi ni mo yọ́ ọ."

Ó sọ ọ́ tán pátá, kò fi ọ̀kan pa mọ́: ẹ̀rọ tó han, dógùn-ún àti dogún, ásíìdì, iná. Ìgbà tó dé ibi iná, Oníkọ́kọ́rọ́ ti gbé báàgì kalẹ̀. Kò wo ìyá rẹ̀, kò wo Eléèédú, àwọn ìka rẹ̀ ló ń wò. Màmá jókòó lórí àpótí.

"O fi bàbá ọkọ mi se èédú," ló wí.

Eléèédú ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun fi ibi tí bàbá wà hàn wọ́n. Ó gbé ìgò ńlá méjì tó kún fún omi aró pupa wá. Ó da èédú lásán sínú ọ̀kan, ó da èédú onírin sínú èkejì, ó rò wọ́n, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní sùúrù díẹ̀. Ìgò méjèèjì dúdú bákan náà. Ó na òòfà sí ara ìgò àkọ́kọ́, kò sí nǹkan tó ṣe, èédú ń fò kiri. Ó wá na òòfà sí ìgò kejì. Ẹ wo bí dúdú náà ṣe gbéra nínú omi, bó ṣe ń sáré bọ̀ láti gbogbo igun, tó ń dì mọ́ ara ìgò níbi tí òòfà wà, àfi bí àwọn èrò tí wọ́n gbọ́ pé mọ́tò fẹ́ lọ. Ohun tó kù nínú ìgò ni omi. Omi tó mọ́, tí wọ́n lè rí imú Rédíò láti òdìkejì.

Màmá dìde. Ó gba òòfà lọ́wọ́ Eléèédú láìtọrọ rẹ̀. Ó gbé e sókè lára ìgò, èédú gòkè. Ó gbé e sísàlẹ̀, èédú sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé e yípo, ó yípo.

"Ọkùnrin tí kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ló wí bí ẹni ń bá ìgò sọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe ń jẹ́ ìpè."

Ẹ̀rín mú un léjìká, ó sì gbọn gbogbo ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ òótọ́ kan fún wọn. Gbogbo ilé tí wọ́n bá kó dé, òun ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn láyà, kò gbọdọ̀ sọnù, kò gbọdọ̀ tutù, bẹ́ẹ̀ kò ṣí ohunkóhun. Olè wọlé wọn nígbà kan, ó kó tẹlifíṣọ̀n, ó tú ìnujú, ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì fi sílẹ̀. "Mo bínú sí olè yẹn," ni Màmá wí. "Mo ní, ìwọ náà?" Ẹkún tóun sun lọ́jọ́ tí ọmọ òun wá gbà á, ẹkún ìtura wà nínú ẹ̀.

Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá gan-an gbàgbé aṣọ lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìdógùn-ún lo wá gbà lọ́wọ́ mi," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ iye kọ́kọ́rọ́ lọ. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe èmi lo béèrè. Ẹ̀rọ ló bá mi sọ ohun tó wù mí gbọ́." Ó gbé báàgì ìyá rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà.

Eléèédú wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn tó ń lọ, ó sì rí i pé gbogbo irọ́ tóun ti fi àgádágodo pa, ibi yìí ló yẹ kó parí sí.

"Ìdógùn-ún ni mo béèrè," ló wí. "Mi ò sọ pé òun nìkan ni mo fẹ́. Lọ wo ilẹ̀kùn yàrá mi kó o wo ohun tó so mọ́ ọn. Agolo ṣúgà mi ní àgádágodo. Ta ló ń jí ṣúgà mi? Ìwọ ni mò ń rà láti ọjọ́ yìí, o ò kàn jẹ́ tà."

Rédíò ju igi aró sílẹ̀. Màmá, tí òòfà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, fi í tọ́ka sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé wàá gbé báàgì yẹn kalẹ̀ àbí kí n fi nǹkan yìí fà ọ́ padà?"

Ó gbé e kalẹ̀. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Eléèédú, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó rìn ni tàbí ó fò. Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má wo àwọn yẹn, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Ogún kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá jẹ. Àbúrò ọkọ òun ti ń jà fún ìpín tirẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, kọ́kọ́rọ́ ni ò ṣeé gé sí méjì. Báyìí ó ti di lẹ́búlẹ́bú, ó ti ṣeé pín. Kí wọ́n fún òun ní bébà. Ọ̀gá fò dìde, ó ní wọn kì í kó èédú òun lọ bẹ́ẹ̀, òun ló ni èèpo àgbọn, òun ló ni iná. Màmá ní òun ló ni irin. Wọ́n wá dúró ti àwo náà, wọ́n ń jiyàn, òòfà ń lọ lọ́wọ́ ẹni kìíní sí ẹnì kejì, Rédíò ń ṣe onídàájọ́ láìjẹ́ pé wọ́n pè é sí i.

Nígbà tí Màmá múra àtilọ tán, tó wé ìpín tirẹ̀ sínú bébà, ọmọ rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ jáde síta. Àmì ọwọ́ méjì ló wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó dúdú kirimú, ó pé tìka-tìka, ọ̀kan lábẹ́ èjìká ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ ti òsì. Gbogbo títì rí i. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pàdánù eyín, tó wá jà fún owó rẹ̀, rí i, ó sì gbàgbé ìjà. Màmá ní kó dúró kí òun gbọn ọ́n nù.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀," ló wí, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tó jìn.